Ìyá Mélòó Ni Mo Ní?

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo jókòó sí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, nídìí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, èyí tí ẹ ti ń sọ fún Bàbá kí wọ́n tún ṣe kí ẹ tó lọ. Wọn kò tíì tún un ṣe. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́, kí òtútù ibẹ̀ má sì fi yín ṣe ẹran ìjẹ. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, ara le, ẹnu ń jẹ, orí kò fọ́ wa. Bàbá ń wúkọ́ díẹ̀ nítorí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe ikọ́, pé ọ̀nà ọ̀fun ni àwọn ń tún ṣe. Ẹ mọ̀ wọ́n.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Ọjọ́rú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ẹ mọ̀ pé yàrá kan náà ni fóònù àti Bàbá jọ ń gbé. Bí mo bá gbé e sétí, wọn á ní kí n jẹ́ kí àwọn náà gbọ́, wọn á tẹ̀ ẹ́ kí ohùn yín máa jáde sí gbangba, ẹ̀yin náà á sì wá máa sọ ọ̀rọ̀ gbangba. "Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa?" Èmi á ní ó ń lọ dáadáa. Kò lọ dáadáa, Màmá. Obìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tó wá wo àwọn ọmọ rẹ̀, ló ní òun á bá mi mú ìwé yìí dání, mo sì ti fi gọ́ọ̀mù bàtà lẹ ẹnu àpò rẹ̀ pa. Bí ẹ bá rí i pé ó ṣòro láti ṣí, ẹ mọ ẹni tó fà á.

Sípáníìṣì ni ọ̀rọ̀ náà. Èdè yẹn ń lù mí ní àlùbami. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a kún yàrá náà débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé. Yàrá ọ̀hún wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Títí di òní, àwọn àga náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n léra lẹ́yìn wa bí ẹni pé àwọn náà wá kọ́ èdè. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan lọ kọ́ àwòrán yíyà, àwọn kan lọ kọ́ ìṣirò owó, níbi tí wọ́n ní tíṣà kì í ti í bínú. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó pọ̀, èyí tó máa ń fún mi ní bisikíìtì, lọ bẹ́ẹ̀ náà. Kò tilẹ̀ sọ fún mi. Mo kàn dé lọ́jọ́ kan, mo bá àyè rẹ̀ lófìfo, mo sì gbé báàgì mi sí i kó má baà dà bíi pé èmi nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ ìṣe wọn ni wàhálà. Ní tiwa, "lọ" ni "lọ" ń jẹ́: mo lọ, o lọ, wọ́n lọ, kò sí ẹni tó ń yí i padà. Ní tiwọn, "lọ" kan ṣoṣo yìí á pààrọ̀ aṣọ ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Bí èmi bá lọ, ó ní ojú tirẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá lọ, ojú mìíràn. Bí ó bá wá jẹ́ pé àná ni a lọ, ènìyàn kò ní dá a mọ̀ mọ́ rárá.

Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi kọ́ ọ. Ẹ̀yin ni mo tìtorí yín ṣe é. Ṣé ẹ rántí àárọ̀ tí ẹ ń lọ, tí ẹ jókòó lórí àpótí aṣọ yín kó lè pa dé, tí èmi ń fa síìpù rẹ̀? Ẹ ní, "Alágídí mi, ọdún tó ń bọ̀ ni ìwọ náà ń bọ̀ o. Máa kọ́ èdè wọn sílẹ̀, kí wọ́n má baà lù ọ́ ní gbàǹjo lójú ara rẹ." Mo di gbólóhùn yẹn mú. Ọdún tó ń bọ̀ ti dé, ó ti kọjá, èkejì rẹ̀ náà ti ń kọjá lọ. N kò fi bú yín. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ yín ni ìwé àṣẹ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí kálukú mú èdè kan, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo tọwọ́ bọ̀wé.

Ọjọ́ kìíní gan-an, inú mi dùn. Tíṣà wa, obìnrin gíga kan tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Sẹnyọ́rà, ìyẹn ìyáàfin ní èdè náà, máa ń gbé awò ojú wọn ka orí bíi gèlè. Wọ́n sọ fún wa pé èdè yìí ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹgbẹ́ ẹni, ó sì ní òmíràn fún àgbà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde pàtẹ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà. Bí wọ́n ṣe ń bá ajá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀. Mo ní nínú ara mi pé áà, àwọn ará ilé wa rèé! Àwọn tó mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o"! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀wọ̀ sọ Sípáníìṣì, ọ̀wọ̀ yẹn ló sì padà kó bá mi.

Kí n má parọ́, ohun kan wà tí mo mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Èdè náà ní ọ̀rọ̀ méjì níbi tí èdè ilé ẹ̀kọ́ ti ní ẹyọ kan: ọ̀kan fún ohun tí ènìyàn jẹ́, ọ̀kan fún ibi tí ènìyàn wà. Àwọn yòókù máa ń ṣì í, omijé a sì máa bọ́ lójú àwọn mìíràn. Èmi kò ṣì í rí. Ta ni kò mọ "jẹ́" yàtọ̀ sí "wà"? Ẹ jẹ́ màmá mi. Ẹ kò sí níbí. Mo mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Sẹnyọ́rà ní kí a kọ àròkọ kékeré nípa ìyá wa. Mo jókòó nídìí tábìlì yìí, mo fi gbogbo ara kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ẹ ń tọ́jú màmá arúgbó kan ní ọ̀nà jíjìn, pé ẹ mọ orin púpọ̀ ṣùgbọ́n ẹ kì í parí ìkankan, pé eyín ni ẹ fi ń já òwú nígbà tí sísọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Gbogbo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ yín ni mo ti lo "wọ́n", bó ti yẹ kí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé ṣe. Ellas ni wọ́n ń pe "wọ́n" bó bá jẹ́ obìnrin. Ìyá mi, ellas ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi, ellas ń kọrin. Ó dùn létí mi débi pé mo kọ́kọ́ kà á fún àwọn àga tó ṣẹ́ kí tíṣà tó wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, Sẹnyọ́rà dá àwọn ìwé padà. Tèmi pupa bí ẹni pé wọ́n pa adìẹ lé e lórí. Gbogbo ellas ni wọ́n ti fi pẹ́ẹ̀nì pupa yí po. Wọn kò bínú o, ẹ̀rín tilẹ̀ wà lójú wọn. Wọ́n bi mí níwájú gbogbo kíláàsì pé, "Ìyá mélòó ni ìwọ ní?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní bàbá mi mà ń gbìyànjú o. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Kì í ṣe ẹ̀rín náà ló dùn mí jù, Màmá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá mo lè rí ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè ṣẹ́jú sí, ẹni tí mo lè sọ fún pé, "Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí? Wọ́n ní kí n pe màmá mi ní 'ó'!" kí òun náà sì ní, "Háà, èèwọ̀!" Kò sí. Báàgì mi nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lẹ́yìn kíláàsì, Sẹnyọ́rà ní kí n dúró. Wọ́n tú búrẹ́dì wọn sórí tábìlì, nítorí inú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, àwọn nìkan. Mo ṣàlàyé fún wọn pé n kò lè sọ̀rọ̀ ìyá tó bí mi bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n gbọ́ mi jálẹ̀. Wọ́n ní, "Bí o bá ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ ní èdè yìí, o lè fi ọ̀wọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí o bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹnì kan ni. Ẹnì kan kì í di púpọ̀ nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀." Wọ́n ní kí n tún un kọ, kí n mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n tún ní ọjọ́ Ẹtì yẹn kan náà ni pípààrọ̀ ẹ̀kọ́ máa parí. Bí mo bá fẹ́ lọ sí ìṣirò owó bíi ti àwọn yòókù, àwọn kò ní bínú sí mi, torí máàkì mi kò dára tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè mi pé Sípáníìṣì, ó dìgbéré, ó dàrìnnàkò.

Mo lọ bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń yọ gìgísẹ̀ bàtà obìnrin kan, ìṣó wà lẹ́nu wọn, nítorí náà wọn kò lè dá mi lóhùn kíákíá. Wọ́n tu ìṣó sọ́wọ́, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀. Ṣé wọ́n fi gún ọ lábẹ́rẹ́ ni?" Inú bí mi. Mo ní bí mo bá fi í sílẹ̀, èdè wo ni n ó fi bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀ bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Màmá? Wọ́n gbé òòlù, wọ́n kan ìṣó kan, wọ́n kan òmíràn. Wọ́n sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi: "Ẹnì kan ti lọ. Bí ìwọ náà bá gbọ́ èdè wọn tán, ìwọ náà á lọ. Ta ni yóò wá máa bá mi sọ tiwa? Ṣé bàtà?" Wọ́n fi ẹ̀rín sí i. Kì í ṣe ẹ̀rín, Màmá. Mo gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà láìjẹ́ pé wọ́n rán mi, ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í gbálẹ̀ tí wọn kò bá rán mi.

Nígbà tí Ọjọ́rú fi máa mọ́, mo ti pinnu pé n ó fi í sílẹ̀. Inú Bàbá á dùn, ọmọkùnrin ẹ̀yìn á wá ẹlòmíràn fi ṣẹ̀sín, èmi náà á sinmi. Kò sẹ́ni tí yóò bi mí ní iye ìyá tí mo ní nínú ìṣirò owó; iye nǹkan mìíràn ni wọ́n ń bèèrè níbẹ̀.

Ọjọ́ náà lẹ pè. Ó ku díẹ̀ kí n sọ fún yín, kí Bàbá sì gbọ́ bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹ tó wí nǹkan kan, ẹ ní ẹ ní ìtàn kan láti sọ. Ẹ ní láti ọjọ́ tí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ màmá àgbà tí ẹ ń tọ́jú ni ẹ ti ń kí wọn láràárọ̀ ní èdè wọn, pé ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ wà, ẹ sì ń fi ọ̀pọ̀ kí wọn bí a ti ń kí àgbà nílé. Ẹ kò mọ̀ pé èrò lẹ ń kí. Ọmọ wọn obìnrin wá kí wọn, ó gbọ́ yín, ó ní, "Kí ló dé tí o ń kí màmá mi bí ẹni ń kí ènìyàn púpọ̀? Ẹnì kan mà ni." Ẹ ní ojú tì yín, ẹ ti ń wá ọ̀nà àtitọrọ àforíjì. Ni màmá àgbà bá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Má dá a lẹ́kun o. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, òun nìkan ló ń wọlé tó ń kí àwa méjèèjì."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ẹ sì bi mí pé ṣé mo ti sùn lọ ni. N kò sùn. Mo jáde lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn, níbi tí ẹni tó ń gbé lókè wa máa ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, "wọ́n" ni mo ń pè yín. Wọ́n ti dé. Wọ́n ń bọ̀. Bí mo bá ní "wọ́n ń pè mí", kò sí ẹni tó ń bi mí pé àwọn wo. Àṣé ó ti wọ̀ mí lára débi pé mo gbà pé ẹ pọ̀ lóòótọ́. Bí mo bá ń ro ibi tí ẹ wà, ńṣe ni mo máa ń rí yín bí agbo ènìyàn: ẹ̀yin tó ń dáná, ẹ̀yin tó ń kọrin, ẹ̀yin tó ń fi eyín já òwú, gbogbo yín ń bá ara yín ṣeré. N kò rò ó rí pé obìnrin kan ṣoṣo ni. Obìnrin kan, nínú yàrá kan, pẹ̀lú ife tíì kan. Wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe, ẹnì kan kì í sì í jẹ́ "àwá dé". Ẹ̀yin ń ti iṣẹ́ bọ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tí ẹ ó sọ fún pé ẹ dé. Ẹ ń kí opó kan bí ẹni méjì. Ta ló ń kí ẹ̀yin bí ẹni méjì níbẹ̀? Tú ni gbogbo wọn ń pè yín. Mo ti kọ́ ọ, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwọ ni. Màmá tèmi, ìwọ! Mo sunkún lórí àtẹ̀gùn yẹn títí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ fi wá gbé e.

Mo tún àròkọ náà kọ. Ọwọ́ mi wúwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, mo fẹ́ tú u sí tiwa fún yín gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an, láìfi ọ̀wọ̀ bò ó:

"Ẹnì kan ni ìyá mi. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Ó mọ orin púpọ̀, kì í parí ìkankan. Eyín ló fi ń já òwú. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ara rẹ̀, òun náà ló ń tì í. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Kò sọ fún mi rí pé òun nìkan ló wà. Mo mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́ èdè yìí."

Nígbà tí mo kọ "ó" àkọ́kọ́, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá gbá mi létí. Nígbà tí mo fi máa dé ìparí, kò jọ àrífín lójú mi mọ́. Ó dà bíi pé mo súnmọ́ yín.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fi ọ̀pọ̀ sí, òun ni mo fi parí rẹ̀. Wọ́n ní "àwa" kan tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, nosotras. Mo kọ ọ́ pé, "Lọ́jọ́ kan, a ó di àwa." Lọ́jọ́ Ẹtì, Sẹnyọ́rà fa awò ojú wọn sọ̀kalẹ̀ láti orí, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Wọ́n fi pupa sí àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe bíi mélòó kan, torí ìjà èmi àti ọ̀rọ̀ ìṣe kò tíì parí, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan gbólóhùn tó kẹ́yìn. Wọ́n bi mí pé ṣé ìṣirò owó ni mo ń lọ ni àbí mo dúró. Mo ní mo dúró. Kí ẹ má rò pé ó ti dẹ̀rọ̀ o. Máàkì mi kò dára, ó sì ṣeé ṣe kí n fìdí rẹmi ní ìparí ọdún. Èmi àti báàgì mi ṣì ni a jọ ń jókòó.

Mo sọ fún Bàbá. Mo ní bí mo bá tilẹ̀ máa lọ, kì í ṣe òní, àti pé ṣọ́ọ̀bù ni n ó ti máa wá ka ìwé mi. Wọn kò ní ó dára, wọn kò ní kò dára. Ṣùgbọ́n lánàá, wọ́n na bàtà kan sókè, wọ́n ní kí ni wọ́n ń pe èyí níbẹ̀. Mo ní zapato. Wọ́n ní "sàpátò", bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ aládùúgbò tí kì í kí ènìyàn. Wọn kò tíì tún un sọ láti ìgbà náà. Bí ẹ bá pè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ fún yín.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi, mo sì rò pé ó ti sú ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá pè, tí mo bá bi yín pé ṣé dáadáa lẹ wà, ẹ sọ òótọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ì báà jẹ́ ní Sípáníìṣì kí Bàbá má baà gbọ́. N ó gbìyànjú. Bí n kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀, n ó gbọ́ ohùn yín.

Kí Ọlọ́run bá mi dá yín sí. Ọ̀nà yín á là, ẹ̀yìn yín á le, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ. Ọwọ́ tí ẹ fi ń tọ́jú ìyá oníyàá, irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọn á fi tọ́jú yín. A kò ní fi ẹkún pàdé.

Èmi ni ọmọ yín, tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ní èdè gbogbo,
Alágídí yín.

Àfikún: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ẹ bá mi kọ́ màmá àgbà ní ọ̀rọ̀ kan péré ní èdè wa. Kò le. "Ẹ káàbọ̀" ni. Bí ẹ bá ń wọlé láàárọ̀, kí wọ́n máa fi kí yín, kí ẹnì kan lè máa fi "ẹ" kí yín níbẹ̀ títí n ó fi dé. Ẹ sì bá mi kí wọn. Ẹ bá mi kí àwọn méjèèjì.